Àìsàn kíndìnrín: kí ọ̀rọ̀ tó kan dialyse, ayé ṣì wà láti gbé

Bí dókítà bá ti sọ fún ènìyàn pé kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, dialyse ni ọ̀pọ̀ ará ilé máa ń rò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ni ẹkún á bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ sinmi ná. Ìpele 5 ni àìsàn yìí ní, ìpele tó kẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ti sábà máa ń wáyé. Ẹlòmíì á lo ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dé ibẹ̀, ẹlòmíì ò sì ní dé ibẹ̀ rárá. Bí a ṣe lè gbé àwọn ọdún wọ̀nyẹn dáadáa la fẹ́ sọ.

Kíndìnrín méjì la ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìkúùkù ọwọ́. Iṣẹ́ asẹ́ ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, ìdọ̀tí á bá ìtọ̀ jáde. Wọ́n tún ń ran ara lọ́wọ́ láti ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Nítorí náà, bí ó bá ń rẹ aláìsàn ṣáá, kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dínkù. Ara lè máa yún un, ẹsẹ̀ lè wú, oúnjẹ lè má wù ú, oorun lè má kùn ún. Kó má ṣe fi pamọ́ fún dókítà, nítorí ìtọ́jú wà fún púpọ̀ nínú wọn.

Kí ló yẹ ká ṣe?

Àkọ́kọ́, tansíọ̀n àti àtọ̀gbẹ ló ń ba kíndìnrín jẹ́ jù. Ẹ máa lo oògùn wọn lójoojúmọ́, kódà bí ara bá le.

Èkejì, iyọ̀. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 lóòjọ́, bíi ṣíbí kékeré kan. Iyọ̀ inú kúbù àti ti ẹja oníyọ̀ wà nínú ìṣirò yẹn. Ata, àlùbọ́sà àti ewé lè mú ọbẹ̀ dùn.

Ẹ̀kẹta, oògùn ẹ̀bá ọ̀nà. Ibuprofen àti diclofenac tí a ń rà lọ́jà nítorí ẹ̀yìn ríro lè ṣe kíndìnrín tó ti ń ṣàìsàn léṣe gan-an. Àgbo kan náà wà tó ń bà á jẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó mu ohunkóhun, ẹ sì fi káànẹ́ yín hàn ní famasí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má dá ara yín léèwọ̀ ẹran tàbí èso. Ebi náà ń pa ara. Bí omi mímu ṣe yẹ kó pọ̀ tó yàtọ̀ láti ẹnì kan sí ẹnì kejì. Dókítà ni kó sọ ọ́.

Ẹ̀yin ará ilé, ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ kéré dára fún gbogbo yín, ẹ má ṣe dá ìkòkò aláìsàn yà sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ká, kó rìn, kó lọ síbi ayẹyẹ. Kí ẹnì kan máa bá a lọ sí ọsibítù, kó gbọ́ iye kréatínìn rẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a bá mọ̀ pé ó ń gòkè, a ó lè tètè múra pẹ̀lú dókítà, ọ̀rọ̀ ò ní bá wa lójijì.

Ẹni tó bá ní tansíọ̀n tàbí àtọ̀gbẹ nínú yín, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ yín wò lọ́dọọdún. Kíndìnrín kì í tètè pariwo.