Ẹ Jẹ́ Kí Ìrònúpìwàdà Yín Dé Orí Ilẹ̀

Ẹni tí ó bá gba òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù yóò rí bí ọkọ̀ ti ń tò gẹ̀rẹ̀rẹ̀ láti Ibafo títí dé Mowe. Redemption Camp ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ, lórí ilẹ̀ tí ìjọ Redeemed kọ́kọ́ rà ní ọdún 1983. Ìlú Àdúrà ti ìjọ Orí Òkè Iná àti Iṣẹ́ Ìyanu náà wà ní ojú ọ̀nà yìí, bẹ́ẹ̀ ni ibùdó ìjọ Deeper Life. Redemption Camp tilẹ̀ ní ẹ̀rọ tí ń pèsè iná mànàmáná tirẹ̀. Bí òkùnkùn bá bo àdúgbò, ènìyàn a máa rí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ láti òkèèrè. Ògo ni fún Ọlọ́run!

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Aládùúgbò wa tí kò tí ì mọ Jésù, tí ń gbọ́ gbohùngbohùn wa ní ìdájí, kí ni ó ń rí lára wa bí ilẹ̀ bá mọ́?

Ohun tí ó ń rí nìyí. Láti ìgbà tí àwọn ará Èkó ti ń wá ibi tí wọn yóò kọ́lé sí, oko ẹ̀gẹ́ ti di púlọ́ọ̀tì ní Mowe àti Ibafo, bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ìfọ̀ ní ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ẹ wo ara ògiri, ẹ ó rí i tí a fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà. Kí ló dé tí ènìyàn ní láti kọ bẹ́ẹ̀ sára ilé ara rẹ̀? Nítorí pé a ń ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì, nígbà mìíràn fún ẹni mẹ́ta. Bàbá tà á, ọmọ àbúrò rẹ̀ tún un tà. Opó tí ó fi owó èsúsú rẹ̀ ra ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì yóò dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, yóò rí i pé wọ́n ti wó ìpìlẹ̀ tí ó fi lélẹ̀. Ní ọdún 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe òfin tí ó de àwọn tí ń fi jàgídíjàgan gba ilẹ̀ onílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dùn mí jù ni pé nínú àwọn tí ń fọwọ́ sí ìwé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, a rí ọmọ ìjọ, a rí alágbàtà tí ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Wọ́n a sì mú ìdámẹ́wàá owó náà wá síwájú pẹpẹ, àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan a sì gbà á láìbéèrè.

Diutarónómì 27:17 fi ẹni tí ó bá ṣí ààlà ọmọnìkejì rẹ̀ ré, gbogbo ènìyàn sì ní láti ṣe Àmín sí i. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn Àmín gbígbóná, ǹjẹ́ ẹ ti ṣe Àmín sí èyí rí?

Nígbà tí àwọn ènìyàn bi Jòhánù Onítẹ̀bọmi léèrè ohun tí wọn yóò ṣe, ó sọ fún agbowó òde kí ó má gba ju iye tí a là sílẹ̀ lọ, ó sì kìlọ̀ fún ọmọ ogun kí ó má fi ipá gba nǹkan ẹnikẹ́ni. Kò ní kí wọ́n lọ gbààwẹ̀ (Lúùkù 3:10-14). Sákéù ńkọ́? Ìgbà tí ó dárúkọ owó, tí ó ní òun yóò dá a padà ní ìlọ́po mẹ́rin, ni Jésù sọ pé ìgbàlà wọ ilé rẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, kíkùn ni àwọn ará Jẹ́ríkò ń kùn. Mo máa ń ronú nípa ẹni tí ó jókòó sílé rẹ̀ jẹ́ẹ́, tí kò gun igi síkámórè, tí kò tilẹ̀ gbọ́ ìwàásù, tí Sákéù wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ pẹ̀lú àpò owó lọ́wọ́. Irú ìjẹ́rìí wo ni a tún lè ṣe fún un tí yóò ju èyí lọ?

Àwọn kan yóò ní kí ni èyí kàn nínú mímú ìmọ́lẹ̀ tọ aláìgbàgbọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí kò jìnnà sí Ìfọ̀. Ní ọdún 1821 ni ogun kó Àjàyí Crowther ní Òṣogùn, tí a sì tà á lẹ́rú. Ní ọdún 1846, nígbà tí ó ti di àlùfáà, òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Ọmọ tí a tà padà wá pẹ̀lú ìhìnrere, kò bá ti ìjà wá. Síbẹ̀, ọdún 1848 ni a tó ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, tí a sì sọ ọ́ ní Hánà. Ó ju ọdún kan lọ tí ìyá fi wo ìwà ọmọ rẹ̀. Àwọn baba wa ní ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò. Aláìgbàgbọ́ Ibafo náà ń wo ọrùn wa.

Nítorí náà, ìwọ tí o ti ta ilẹ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, mú ìwé rẹ, kí o wá ẹni tí kò rí ilẹ̀ gbà lọ. Mú àgbà kan tàbí olùṣọ́àgùntàn rẹ dání, kí ọ̀rọ̀ má baà di ariwo. Bí owó náà bá ti tán, ẹ jókòó kí ẹ dá iye tí wàá máa san lóṣooṣù. Òfin Mósè ní kí á fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e (Léfítíkù 6:5). Bí ẹni náà bá ti kú, Nọ́ḿbà 5:8 ní kí á wá ìbátan rẹ̀. Béèrè àwọn ọmọ rẹ̀ ní Èkó. Bí ó bá sì jẹ́ Mùsùlùmí tàbí oníṣẹ̀ṣe ni, lọ síbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n owó ni kí o kọ́kọ́ fà yọ, kí o tó fa ìwé ìwàásù yọ.