Àgádágodo nìkan kò tó: bí a ṣe lè pa ẹrù wa mọ́ nígbà tí a bá ń wọ bàálù



Ẹni tó bá wọ tásí láti Bantè lọ sí Kutọnu mọ bó ṣe máa ń ṣọ́ ẹrù rẹ̀. Á dúró kí wọ́n fi okùn dì í dáadáa sórí mọ́tò. Bí mọ́tò bá dúró ní Savalou tàbí ní Dassa, á sọ̀ kalẹ̀, á gbójú sókè wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàálù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti gba fàlíìsì yín ní pápákọ̀ òfurufú Cadjèhoun, ojú yín kò ní kàn án mọ́ títí ẹ ó fi dé ibi tí ẹ ń lọ. Bí ẹ bá tún máa pààrọ̀ bàálù ní Lomé, ní Casablanca tàbí ní Addis Ababa, ọwọ́ tó máa kan ẹrù yẹn á tún pọ̀ sí i.

Ẹnì kan nínú àwa olùkọ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ ní òkè òkun. Nígbà tó padà dé, àgádágodo fàlíìsì rẹ̀ ṣì wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpò rẹ̀. Àmọ́ tẹlifóònù méjì tó rà fún àwọn ọmọ rẹ̀ kò sí nínú ẹrù mọ́. Gbogbo wa ń bi ara wa pé, báwo ni wọ́n ṣe ṣe é?

Bí olè ṣe ń wọlé

Fàlíìsì tó ní síìpù kò le rárá. Bíìkì lásán tí a fi ń kọ̀wé tó láti gún eyín síìpù yẹn kó là. Bí olè bá mú ohun tó fẹ́ tán, á fa orí síìpù lọ sókè sódò, síìpù á sì tún padé bíi pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Àgádágodo kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Àwọn àgádágodo kan wà tí wọ́n kọ TSA sí lára. Wọ́n ṣe é kí àwọn aláyẹ̀wò ní Amẹ́ríkà lè fi kọ́kọ́rọ́ tiwọn ṣí i láìfọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ní 2015, àwòrán àwọn kọ́kọ́rọ́ náà jáde sí gbangba, àwọn ènìyàn sì rọ irú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ti àgádágodo, ó dára. Ẹ sanwó kí wọ́n fi rọ́bà wé ẹrù yín bí agbára bá wà, ìyẹn náà dára: olè kì í fẹ́ ohun tó máa gba àkókò, bí wọ́n bá sì ya rọ́bà, ẹ ó rí i lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ẹ má gbọ́kàn lé wọn.

Kì í sì ṣe gbogbo ẹrù tí wọ́n bá ṣí ni olè ṣí. Àwọn aṣọ́bodè náà lẹ́tọ̀ọ́ láti wo inú rẹ̀. Ẹni tó bá di wàgáṣì tàbí ẹran gbígbẹ lọ sí Faransé ló fọwọ́ ara rẹ̀ pè wọ́n, torí òfin ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kí èrò kó ẹran tàbí wàrà wọlé láti ọ̀dọ̀ wa.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ ikùn bàálù

Òfin tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa rọrùn: ohun tí ẹ máa sunkún bó bá sọnù, ẹ gbé e lọ́wọ́. Owó, wúrà, tẹlifóònù, kọ̀ǹpútà, oògùn tí dókítà kọ fún yín, ìwé ẹ̀rí, ìwé ìbí: ọwọ́ ni gbogbo wọn ń wà. Bátìrì tí a fi ń sọ iná sí tẹlifóònù kò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ikùn bàálù rárá, nítorí ó lè gbaná.

Aṣọ, gàrí, bàtà, àwọn yẹn lè lọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi àpò ọwọ́ yín sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bàálù torí pé ààyè ti kún, ẹ má tijú: ẹ kọ́kọ́ kó owó àti ìwé yín jáde.

Ẹni tó ń kó nǹkan wọlé

Ohun tó dẹ́rù bà wá ju olè lọ nìyí. Ní oṣù Kejìlá 2018, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, ọmọ Nàìjíríà, wọ bàálù ní Kano pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti arábìnrin rẹ̀ láti lọ ṣe Úmúrà. Àwọn kan ní pápákọ̀ òfurufú ti so bébà tó ní orúkọ rẹ̀ mọ́ àpò mìíràn tí kì í ṣe tirẹ̀. Tramadol ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n mú un nílẹ̀ Saudi, níbi tí wọ́n ti ń pa ẹni tó bá kó oògùn olóró. Ìgbà tí wọ́n rí àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà mú ní Kano, tí ìjọba Nàìjíríà sì dá sí i, ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 2019.

Ní 2023, àwọn obìnrin méjì láti Brazil lo ọjọ́ 38 lẹ́wọ̀n ní Jámánì nítorí pé wọ́n bọ́ bébà ẹrù wọn so mọ́ fàlíìsì tí kokéènì kún inú rẹ̀.

Kí ni a lè ṣe? Kí ẹ tó kúrò níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù, ẹ ka bébà kékeré tí wọ́n fún yín. Bí ẹrù bá jẹ́ méjì, bébà gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, kì í ṣe mẹ́ta. Ẹ wo orúkọ yín. Ẹ wo lẹ́tà mẹ́ta tó dúró fún ibi tí ẹ ń lọ: CDG ni Paris, ABJ ni Abidjan, LBV ni Libreville, JED ni Jẹ́dà. Ẹ fi tẹlifóònù ya fàlíìsì náà lórí ìwọ̀n, kí kílò rẹ̀ àti bébà rẹ̀ hàn, kí ẹ sì fi àwòrán náà ránṣẹ́ sílé. Àwòrán fàlíìsì àwọn obìnrin Brazil yẹn ní pápákọ̀ òfurufú wà lára ohun tó gbà wọ́n sílẹ̀.

“Bá mi gbé e fún ọmọ mi”

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ṣòro. Bí wọ́n bá gbọ́ ní abúlé pé ẹ ń rìnrìn àjò, ìdì ẹrù á máa wọlé láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ta ló fẹ́ sọ fún ìyá àgbà pé kó tú ìdì tó ti dì tán? Síbẹ̀, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ìyá, ẹ má bínú, wọ́n máa bi mí léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ tún un dì.” Ẹni tí kò bá gbà kó tú u níwájú yín, ẹ dá ẹrù rẹ̀ padà. Orúkọ yín ló máa wà lára fàlíìsì, kì í ṣe orúkọ tirẹ̀.

Bí nǹkan bá ti sọnù

Ẹ má kúrò ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹ wo ẹrù yín níbẹ̀. Bó bá fúyẹ́ ju kílò tí ẹ yà lọ, tàbí kò dé rárá, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ẹrù, kí wọ́n kọ ìwé PIR fún yín, kí ẹ sì gba ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín já jù: púpọ̀ nínú ẹrù tí kò tètè dé ló kàn pẹ́ lọ́nà.

Àdéhùn Montreal ti 1999, tí Bẹ̀nẹ̀ wà nínú rẹ̀, fún yín lẹ́tọ̀ọ́. Bí ẹrù bá bàjẹ́ tàbí nǹkan dín nínú rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ bàálù láàárín ọjọ́ 7. Bó bá dé pẹ́, láàárín ọjọ́ 21 tí ẹ gbà á. Bó bá pé ọjọ́ 21 tí kò dé, ẹ lè kà á sí pé ó ti sọnù. Ọdún 2 ni ẹ ní láti gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Láti ìparí 2024, owó tí wọ́n lè san kò kọjá 1,519 DTS fún èrò kan, tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan franki CFA. Ẹ ó sì fi bébà ìrajà hàn. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá níye lórí ju èyí lọ lè sọ iye rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á, kó san owó díẹ̀ lé e.

Bí bàbá tàbí ìyá yín bá ń lọ sí Mẹ́kà, ẹ jókòó tì wọ́n lálẹ́ ọjọ́ tí ìlẹ̀ máa mọ́ tí wọ́n ń lọ. Ẹ bá wọn kọ ohun tó wà nínú fàlíìsì sí ìwé kan, kí ẹ̀dà kan wà nílé. Ẹ sọ fún wọn pé bébà kékeré yẹn kì í ṣe pàǹtí: kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú pásípọ́ọ̀tù, títí wọn ó fi padà sí Bantè.

Ẹ kú ìrìn àjò o. À lọ ire, à bọ̀ ire.