Ìjàpá Tí A Kò Kà, A Kò Lè Mọ̀ Pé Ó Ń Dínkù

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́sẹ̀ yìí lè kọ́kọ́ dà bí àwàdà létí yín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kà á dé ìparí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan tí a ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè Yorùbá ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, a pa àlọ́ Ìjàpá àti Yánníbo ìyàwó rẹ̀ fún wọn. Bí a ti parí rẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan dìde, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ṣé ẹ ti rí ìjàpá gan-an rí?" Àwọn tó dàgbà sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀ffà nínú wa ní àwọn rí i nígbà èwe àwọn. Ọmọ náà tún béèrè pé, "Ó wá kù mélòó báyìí?" Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Ìtìjú ìbéèrè yẹn ló mú wa wádìí, a sì rí i pé ibì kan wà láyé tí wọ́n ti ń ka ìjàpá bí ẹní ka owó.

Ní apá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni aṣálẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Mojave wà. Ó dé ìpínlẹ̀ California, Nevada, Utah àti Arizona. Ìjàpá kan ń gbé ibẹ̀ tí ó máa ń gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀ nítorí ooru àti òtútù, inú ihò náà ló sì ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀. Ó lè gbé ju ọdún 50 lọ. Abo rẹ̀ kì í yé ẹyin àfi tó bá tó bí ọmọ ọdún 12 sí 20. Ẹ fi ọkàn sí èyí, nítorí ohun tó máa ń tan ojú jẹ nìyẹn. Bí gbogbo ọmọ ìjàpá bá tilẹ̀ kú tán lónìí, ẹni tó bá ń gba ibẹ̀ kọjá yóò ṣì máa rí àwọn àgbà fún ọ̀pọ̀ ọdún, yóò sì máa sọ pé nǹkan ń lọ dáadáa.

Ní ọdún 1990, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi ìjàpá yìí sábẹ́ ààbò òfin. Nínú ètò tí wọ́n kọ ní 1994, wọ́n ní kí wọ́n máa kà á, àti pé ó kéré tán, ọdún 25 ni iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi dúró tàbí kí ó máa pọ̀ sí i kí wọ́n tó lè sọ pé ó ti bọ́ nínú ewu. Ọdún 25 o! Láti 2001 ni àjọ tó ń bójú tó ẹranko ìgbẹ́ níbẹ̀ sì ti ń rán àwọn èèyàn jáde káàkiri aṣálẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìgbà ìrúwé ni wọ́n máa ń jáde, nígbà tí ìjàpá ń jáde wá jẹ koríko tútù. Èèyàn méjì méjì ló ń lọ. Ẹni àkọ́kọ́ yóò máa wo kọ́ńpáàsì, yóò máa rìn tààrà, yóò sì máa wọ́ okùn tó gùn tó mítà 25 lẹ́yìn. Ẹnì kejì yóò máa tẹ̀ lé e ní ìdí okùn náà. Igbó kékeré ni o, òkúta ni o, wọn kò gbọ́dọ̀ yà kúrò lórí ìlà wọn láìnídìí. Wọ́n sábà máa ń rin kìlómítà 12 lójúmọ́ báyìí. Bí wọ́n bá rí ìjàpá, wọn yóò wọn bó ṣe jìnnà sí okùn. Ìdí ni pé èyí tó wà lẹ́bàá okùn kò lè sá mọ́ ojú lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí tó jìnnà lè sá. Bí àwọn tí wọ́n ń rí ṣe ń dínkù bí ibẹ̀ ṣe ń jìnnà sí okùn ni yóò jẹ́ kí wọ́n mọ iye tí ojú wọn fò. Kí wọ́n tó rán ẹnikẹ́ni jáde, wọ́n á kọ́kọ́ fi ère ìjàpá dán ojú rẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ń ríran dáadáa.

Àwọn tó wà nínú ihò ńkọ́? Wọ́n ti lẹ ẹ̀rọ rédíò kékeré mọ́ àwọn ìjàpá kan lẹ́yìn. Lójoojúmọ́ tí àwọn kan bá ń rìn lórí ìlà, àwọn mìíràn yóò máa wá àwọn onírédíò yìí lọ, wọn yóò sì wò ó bóyá a lè fi ojú rí wọn. Bí a bá rí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, a jẹ́ pé bí àwọn tó ń rìn bá rí mẹ́jọ, mẹ́wàá ni wọn yóò kọ. Wọn kò sọ pé ẹni tí àwọn kò rí kò sí.

Wọ́n tún ń ṣọ́ra gan-an. Ìjàpá yìí máa ń tọ́jú omi sínú àpòòtọ̀ rẹ̀ de ìgbà ọ̀dá. Bí ẹ̀rù bá bà á, ó lè tọ omi náà dànù, òùngbẹ sì lè pa á. Nítorí náà, ẹni tí a kò yọ̀ǹda fún kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Kí ni kíkà náà wá fi hàn? Ní àwọn ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, wọ́n ṣírò pé àgbà ìjàpá bí 336,000 ló wà ní 2004. Ní 2014, bí 212,000 ló kù. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ tó ti lọ láàárín ọdún mẹ́wàá péré. Nínú ẹkùn márùn-ún tí wọ́n pín in sí, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń pọ̀ sí i. Ọkọ̀ ń tẹ̀ wọ́n pa, àrùn èémí ń mú wọn, ọ̀dá àti iná ń bá wọn jà, ilé àti ọ̀nà ń gba ilẹ̀ wọn. Ẹyẹ dúdú kan tó jẹ́ ìbátan kannakánná wa ń tẹ̀ lé ààtàn àwọn èèyàn wọ aṣálẹ̀, ó sì ń jẹ àwọn ọmọ ìjàpá tí ìgbá ẹ̀yìn wọn kò tíì le. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹranko ní California fẹnu kò pé ewu ìparun ni ìjàpá náà wà níbẹ̀ báyìí. Láìsí àwọn tó fẹsẹ̀ rìn, ta ni ì bá mọ̀?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá la dé yìí. Ìkànìyàn tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ní Nàìjíríà, 2006 ni. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Àwa fúnra wa ní ìwé orúkọ tí àwọn bàbá wa fi lé wa lọ́wọ́. Nígbà tí bàbá kan kú nínú wa tí a fẹ́ fi ọkọ̀ gbé e relé, a pín owó sórí ilé kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ṣe wí. Owó náà kò pé ìdajì. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn wa ya ahun. Àwọn tí a ń pe orúkọ wọn ti kó lọ. Bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ wa kan ń gbé ẹ̀yìn ọjà, wọ́n sì ń ná owó wọn pẹ̀lú wa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Àgbà tí a ń rí ní ìpàdé ló ń tàn wá jẹ.

A ti pinnu pé láti Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, èèyàn méjì méjì ni yóò máa lọ sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ilé tí wọ́n bá bá ní títì, kí wọ́n má kọ ọ́ pé ó ṣófo. Kí wọ́n padà lọ, kí wọ́n bi aládùúgbò. Àwọn ọmọdé ni a ó kọ sọ́tọ̀, nítorí àwọn ni yóò sọ fún wa bóyá ẹgbẹ́ yìí yóò wà lẹ́yìn wa. A mọ̀ pé àwọn àgbà yóò sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. A gbà. Ẹni tó ni ọmọ ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ kà wọ́n, àwa yóò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ọdọọdún ni a ó sì máa ṣe é.

Ní ti ọmọbìnrin wa tó béèrè ìbéèrè yẹn, orúkọ rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ kọ sínú ìwé tuntun náà.