Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Owó orí nínú owó oṣù tọkọtaya

Ẹ̀yin tọkọtaya Ìdí Arère, bí bàbá bá ń ṣiṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá, tí ìyá ń kọ́ ọmọ níléèwé ní Mápó, òfin kò da owó yín pọ̀. Kálukú ló ń san owó orí tirẹ̀, ẹni tó gbà á síṣẹ́ ló sì ń yọ ọ́ kó tó sanwó oṣù.

Oṣù kìíní ọdún 2026 ni òfin owó orí tuntun bẹ̀rẹ̀. ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún, ọ̀fẹ́. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, náírà 15 nínú 100. Ká ní bàbá ń gba ₦1,800,000 lọ́dún, kí ìyá máa gba ₦1,200,000: ₦12,500 ni wọn yóò yọ lóṣù lọ́wọ́ bàbá, ₦5,000 lọ́wọ́ ìyá. A ò tíì ro pẹ́ńṣàn, tó máa ń dín in kù.

Lórí owó ilé ni ìjà wà. Wọ́n ń yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé ọdún kan kúrò nínú owó tí wọ́n máa gba owó orí lé lórí, kò gbọdọ̀ kọjá ₦500,000. Ẹni tó san án ló ni í. Ẹ̀yin méjèèjì ò gbọdọ̀ kọ odidi owó kan náà sílẹ̀. Ẹni tó ń gbé agboolé bàbá rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ (a sì pọ̀!) kò ní nǹkan tí yóò kọ.

Èyí tó burú jù: ẹnì kan, iṣẹ́ méjì. Ọ̀gá méjèèjì lè fún un ní ₦800,000 ọ̀fẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì tọ́ sí i. Kó ro owó méjèèjì pọ̀ nínú fọ́ọ̀mù ọdọọdún tó máa fún àjọ owó orí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí oṣù kẹta tó parí.