Ṣé o mọ̀? Orin tí ó gbèjà Gregorio Cortez

Ní ìpínlẹ̀ Texas, ọ̀kan lára àwọn orin ìpànìyàn tí ó lókìkí jù lọ ni corrido nípa ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Gregorio Cortez. Corrido ni orin onítàn tí àwọn ọmọ Mẹ́síkò máa ń fi gìtá gbè láti ròyìn ogun, ikú àti ìwà akin. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1901, W. T. Morris, tí ó jẹ́ ṣẹ́rífù, ìyẹn olórí agbófinró àgbègbè, lọ bá Cortez nítorí ẹṣin tí wọ́n jí gbé, ṣùgbọ́n ògbufọ̀ rẹ̀ ṣi ìdáhùn Cortez túmọ̀, Morris yìnbọn lu arákùnrin Cortez, Cortez sì yìnbọn pa á. Ohun tí ó jinlẹ̀ jù níbẹ̀ ni pé orin náà kò bú Cortez rárá. Akọni tí ó gbèjà ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìrẹ́jẹ ni ó pè é. Lẹ́yìn náà, Cortez ṣẹ̀wọ̀n ní Huntsville títí gómìnà fi dárí jì í ní ọdún 1913. Ní ọdún 1958, òǹkọ̀wé Américo Paredes tẹ ìwé tí ó ṣàlàyé orin náà jáde.