Bí onímọ́tò ṣe lè fúnra rẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ rẹ̀ kí ẹ́ńjìnì má baà nọ́ọ̀kì

Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe rí lára ènìyàn, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ́ìlì rí nínú ẹ́ńjìnì ọkọ̀. Ẹ́ńjìnì tí ọ́ìlì bá gbẹ nínú rẹ̀, tàbí èyí tí ọ́ìlì rẹ̀ ti gbó kọjá ààlà, kò ní í pẹ́ tí yóò fi nọ́ọ̀kì. Owó tí onímọ́tò kò fẹ́ ná lórí gálọ̀nù ọ́ìlì kan, ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà púpọ̀ ni yóò padà ná lórí ẹ́ńjìnì tókunbọ̀. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọ̀hún kò le. Ẹni tó bá ní sùúrù, tó sì ní ìwọ̀nba irinṣẹ́, lè ṣe é ní iwájú ilé rẹ̀ láàárín wákàtí kan.

Inú ẹ́ńjìnì kún fún irin tó ń yí, tó sì ń fara gbo ara wọn. Ọ́ìlì ló ń là wọ́n láàárín kí wọ́n má baà jẹ ara wọn, òun náà ló ń gbé ooru kúrò, tó sì ń kó èéfín dúdú àti ìdọ̀tí lọ sínú fílítà. Ṣùgbọ́n bó ti ń pẹ́, ooru ń ba agbára ọ́ìlì jẹ́, yóò sì di dúdú, yóò ki bí ẹrẹ̀. Fílítà náà yóò kún. Nígbà tó bá dí, ojú ọ̀nà kékeré kan yóò ṣí tí ọ́ìlì yóò máa gbà kọjá láìsẹ́, tòun ti ìdọ̀tí inú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìdí nìyí tí kò fi bọ́gbọ́n mu kí ènìyàn pààrọ̀ ọ́ìlì kó fi fílítà àtijọ́ sílẹ̀.

Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ló máa ń sọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì nílẹ̀ wa a máa sọ pé kí ọkọ̀ tó ń lo ọ́ìlì lásán má kọjá kìlómítà 5,000. Ẹni tó ń gbé Èkó tún ní láti rántí pé bí ọkọ̀ bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fún wákàtí méjì, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì ń gbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kìlómítà kò kúrò lójú kan.

Ìdí pàtàkì mìíràn tó fi yẹ kí ènìyàn fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí ni ayédèrú ọ́ìlì. Àwọn kan wà tó ń sẹ́ ọ́ìlì àlòkù, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, tí wọ́n sì ń rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá lára. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ra ọ́ìlì níbi tó dá a lójú, tó wo ìdérí rẹ̀ bóyá wọ́n ti ṣí i rí, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ dà á, mọ ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnì rẹ̀.

Nọ́ńbà ara kẹ́ẹ̀gì náà ṣe kókó. Èyí tó ṣáájú lẹ́tà W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn tó nígbà tó bá tutù. Èyí tó tẹ̀lé e ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń da 20W-50 sínú gbogbo ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹ́ńjìnì ìgbàlódé mìíràn wà tó jẹ́ pé èyí tó fúyẹ́, bíi 5W-30, ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ìwé ọkọ̀ ló yẹ kí wọ́n wò, tàbí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí wọ́n fa búréèkì ọwọ́, kí wọ́n sì fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn. Kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí wọ́n wá pa á. Bí wọ́n bá fi jáàkì gbé ọkọ̀, dandan ni kí wọ́n fi sítáǹdì onírin gbé e ró kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ rẹ̀. Jáàkì nìkan kò tó. Ó lè yẹ̀ nígbàkigbà, ẹ̀mí kò sì láàrọ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n gbé abọ́ fẹ̀ǹfẹ̀ kan sábẹ́ nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ sọ́ńpù. Lára Toyota Corolla 2003 sí 2008, sípánà 14 ló ń tú u. Ibí yìí ni kí wọ́n ti fara balẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló ti ṣèèṣì tú nọ́ọ̀tì jíà dípò ti ẹ́ńjìnì. Bí ohun tó ń ṣàn bá pupa bí omi sóbò, ọ́ìlì jíà ni; kí wọ́n tètè dí i padà. Bí ọ́ìlì bá ti ro tán, kí wọ́n fi wọ́ṣà tuntun sí nọ́ọ̀tì náà, kí wọ́n fọwọ́ wé e wọlé, kí wọ́n tó fi sípánà mú un le. Kí wọ́n má ṣe fi gbogbo agbára dè é, torí ojú tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀ lè jẹ. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Fílítà ló kàn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó dà bí agolo mílíìkì. Bí wọ́n bá ti tú u, kí wọ́n yẹ ibẹ̀ wò bóyá rọ́bà róbótó rẹ̀ àtijọ́ kò lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì, torí bí rọ́bà méjì bá wà níbẹ̀, ọ́ìlì yóò tú jáde. Kí wọ́n fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà ti tuntun, kí wọ́n fọwọ́ wé e títí yóò fi kan ẹ́ńjìnì, kí wọ́n tún wá yí i díẹ̀ sí i, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àyípo kan. Ọwọ́ ti tó, kò gba sípánà.

Kí wọ́n wá fi àrọ da ọ́ìlì tuntun sí i. Ìwé ọkọ̀ ló yẹ kí wọ́n wò láti mọ iye lítà tí ẹ́ńjìnì ń gbà pẹ̀lú fílítà. Kí wọ́n tan ọkọ̀, kí wọ́n rí i pé iná ọ́ìlì kú, kí wọ́n wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń jò. Bí wọ́n bá ti pa á, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó fi géèjì wò ó. Àárín àmì méjèèjì ló yẹ kó wà. Àpọ̀jù náà ń ṣe ẹ́ńjìnì níbi.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì àlòkù kì í ṣe ohun tí wọ́n lè fojú kéré. Àjọ tó ń dáàbò bo àyíká nílẹ̀ Amẹ́ríkà sọ pé èyí tí wọ́n bá tú jáde lára ọkọ̀ kan ṣoṣo lè ba mílíọ̀nù gálọ̀nù omi kan jẹ́. Ẹni tó bá dà á sí gọ́tà tàbí ẹ̀yìnkùlé, kànga ara rẹ̀ tàbí ti aládùúgbò rẹ̀ ló ń bàjẹ́ yẹn. Kẹ́ẹ̀gì tí kò ní orúkọ ọ́ìlì lára ni kí wọ́n rọ ọ́ sí, kí wọ́n gbé e lọ fún mẹkáníìkì tó ní dúrọ́ọ̀mù tó ń kó o jọ fún àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún un lò. Kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì tuntun tó ti ṣófo ńkọ́? Kí wọ́n fi ọ̀bẹ gún un kí wọ́n tó sọ ọ́ nù, kí àwọn tó ń ṣe ayédèrú má baà rí i lò.

Kí onímọ́tò kọ kìlómítà ọjọ́ náà sílẹ̀, kó sì máa yẹ géèjì wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí iná pupa ọ́ìlì bá tàn lójú ọ̀nà, kó má ṣe sọ pé òun á rọra wà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Kó dúró síbi tí kò léwu, kó pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀, kó sì ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì wá bá a níbẹ̀.