Ilé Ọtí Ilojo ní Ìta Tinúbú

Ní àárín Erékùṣù Èkó, lẹ́bàá Ìta Tinúbú, ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà rí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ilojo Bar. Ọdún 1855 ni ìdílé Fernandez kọ́ ọ, kí wọ́n lè máa ta oúnjẹ àti ọtí níbẹ̀. Kí ó lè yé wa bí ilé náà ti pẹ́ tó, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ọdún 1861 ni Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ọtí náà fi ọdún mẹ́fà ṣáájú ìwé yẹn.

Ilé àwọn Àgùdà ni. Àgùdà ni a ń pe àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Bràsíl, àti àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n tún padà sí ilẹ̀ baba wọn. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ jù nínú wọn, dì ní Bahia ní ọdún 1835, ni ìpadàbọ̀ wọn túbọ̀ pọ̀ sí i. Wọn kò padà lọ́wọ́ òfo, nítorí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ káfíńtà àti iṣẹ́ aránṣọ. Orí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà ilé wọn a tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè a yọ sí ojú títì. Ara ògiri a sì kún fún ọnà tí bíríkìlà fi ọwọ́ rẹ́. Àwọn kan a máa pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ilé òyìnbó. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a kó lẹ́rú, tí ó fi ìyà kọ́ iṣẹ́ ní ìlú onílùú, tí ó sì gbé iṣẹ́ náà wá sílé, iṣẹ́ tirẹ̀ ni.

Ní ọdún 1933, Alfred Omolana Ọláìyá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Ìsu ní ilẹ̀ Èkìtì, ra ilé náà, ó sì sọ ọ́ ní Ilojo Bar. Òun ni baba Victor Ọláìyá, afunfèrè tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú orin háíláìfù. Nígbà tí ó yá, ọtí títà dópin níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kò kúrò lára ilé.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé ìrántí fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti takókó. Ilé tí a bá kéde báyìí, onílé kò gbọdọ̀ wó o, kò gbọdọ̀ yí i padà láìgba àṣẹ; síbẹ̀ òun náà ni òjò ń jò lé lórí. Ilẹ̀ Ìta Tinúbú sì wọ́n bí ojú. Ẹni tí ó ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń kọ́ ilé gogoro, tí òun ń ṣọ́ ògiri tí ó ń ṣí, ìdánwò rẹ̀ kò kéré.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, tí ọdún Iléyá ku ọ̀la, ni katakata wó ilé náà palẹ̀. Ìdílé tí ó ni ín ní ó ti di ewu fún èrò ọ̀nà. Àwọn aṣojú ìjọba tí ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní àwọn kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ. Ó kù díẹ̀ káàtó láti wó o. Ṣùgbọ́n ọgọ́ta ọdún ni ìjọba fi fi oyè dá ilé náà lọ́lá, oyè kì í sì í dí òrùlé tí ó ń jò. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí àwọn Àgùdà kọ́ parí ní ọdún 1894, ṣì dúró ní Èkó kan náà. Àwọn tí ń kírun níbẹ̀ kò jẹ́ kí ó dahoro.

Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ pé kí a tún ilé náà kọ́ sí ojú ilẹ̀ rẹ̀, bí ó ti wà gẹ́lẹ́. Àwòrán rẹ̀ wà, a sì lè tẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn ní ẹ̀dà lásán ni yóò jẹ́. Lójú tèmi, owó àtúnṣe ni kí a kọ́kọ́ bèèrè. Bí wọ́n bá kọ́ ọ láìsí ohun tí yóò máa mú owó wọlé fún ẹni tí ó ni ilẹ̀, ara rẹ̀ yóò tún máa ṣí bí ti àkọ́kọ́. Oúnjẹ àti ọtí ni àwọn Fernandez tà nínú rẹ̀. N kò rí ohun tí ó ní kí a má tún tà á níbẹ̀.